Ẹ̀rọ apèrànwọ́ lórí Odò Ọya: ọrùn ta ni ẹ̀mí èrò inú ọkọ̀ wà?

Ìbéèrè tó wọlé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Táńkẹ̀ ni mò ń gbé ní Ìlọrin. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dáwó jọ ra ọkọ̀ fáíbà kan, a so ẹ́ńjìnnì Yamaha mọ́ ọn, Jẹ́bà la gbé e sí. Tó bá di Sátidé, a ó kó àlejò, a ó gbafẹ́ lórí omi, a ó jẹ ẹja, a ó padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù wá ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí mi. PLB lorúkọ rẹ̀, kò ju fóònù àtijọ́ lọ. Tí ewu bá dé, èèyàn á fa áńténà rẹ̀ sókè, á tẹ bọ́tìnnì, sátẹ́láìtì á sì ké sí àwọn tó ń gbani là. Ọ̀kan nínú wa ní tí ìyẹn bá ti wọlé, ká yéé fi láìfù-jákẹ́ẹ̀tì se àlejò nínú oòrùn. Èkejì ní ìfowóṣòfò ni, pé ta ló máa ti Abùjá wá yọ wá nínú omi ní Jẹ́bà? Ṣé kí n gbà á? Tí àlejò bá sì kọ̀ tí kò wọ jákẹ́ẹ̀tì, ọrùn ta ló wà?

* * *

Gbà á, àbúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ fi nǹkan tó tó dọ́là 300 sí 400 ta ọ́ lọ́rẹ, o wá ń bi àwa bóyá kó o gbà á. Ọ̀rẹ́ rẹ tó fẹ́ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn àlejò ni mo fẹ́ bá jà.

Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe rèé. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, á máa rán àmì jáde lórí ìgbì rédíò 406 MHz. Sátẹ́láìtì á gbà á, á jù ú sílẹ̀ fún ibùdó kan, ibùdó yẹn á fi tó àwọn tọ́rọ̀ kàn létí. Cospas-Sarsat ni wọ́n ń pe ètò náà. Amẹ́ríkà, Kánádà, Faransé àti ìjọba Soviet ló dì í pọ̀ ní 1979, ní 1982 ló sì kọ́kọ́ yọ èèyàn, àwọn tí bàálù wọn já lulẹ̀ ní Kánádà. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Abùjá ni ibùdó tiwa wà, lábẹ́ NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì.

Ọ̀rẹ́ rẹ kejì tó ń bi pé ta ló máa ti Abùjá wá, ìbéèrè gidi ló bi, kò kàn dúró gbọ́ ìdáhùn ni. Kò sẹ́ni tó máa ti Abùjá wá. Iṣẹ́ Abùjá ni kó mọ ibi tó o wà, kó wá ẹni tó sún mọ́ ọ. Ní Jẹ́bà, tá ò bá tan ara wa, apẹja Tápà tó ń kó àwọ̀n rẹ̀ nítòsí ni ẹni tó sún mọ́ ọ. Ìpè á lọ sókè ọ̀run, á sọ̀ kalẹ̀ sí Abùjá, á wá ọ́fíìsì kan dé Ìlọrin, kó tó di pé ẹnì kan rántí pé ẹnì kan ní nọ́ńbà ẹnì kan ní èbúté Jẹ́bà.

Ní gbogbo àsìkò tí ìpè yẹn ń rìn, kí ló ń mú yín léfòó?

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Òmù-Àrán ní ọ̀rọ̀ mi ti le jù, pé tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ àwọn ará Pàtígi lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wọn fọ́ sómi, wọn ì bá yè.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa nígbà náà. Oṣù kẹfà 2023 ni. Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Egboti, lápá ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n ń padà sílé sí ìhà Pàtígi lóru. Ọkọ̀ kún àkúnfàya. Ó lọ forí sọ igi tó wà lábẹ́ omi, ó fọ́. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ará abúlé ló kọ́kọ́ bẹ́ sómi wá èèyàn.

Ká ní PLB wà lápò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí sátẹ́láìtì sì gbà á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí omi ń gbé mì kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Nínú òkùnkùn, nínú aṣọ òde tó ti mu omi, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ta ló máa fa áńténà? Ohun mẹ́ta ló pa àwọn èèyàn yẹn: òru, àpọ̀jù èrò, àti jákẹ́ẹ̀tì tí kò sí lọ́rùn. Kò sí èyí tí bọ́tìnnì lè tún ṣe nínú wọn.

Ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì nìkan ni PLB wúlò fún, torí òun nìkan ló máa wà lójú omi nígbà tí wọ́n bá dé. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

* * *

Àwọn èsì tó ń wọlé pọ̀. Ẹ jẹ́ n kó wọn pọ̀ sójú kan, torí wọ́n ń tún ara wọn sọ.

"Kádàrá ni." Ẹnì kan láti Pàkátà ló kọ ọ́, ó ní ẹni tí omi máa pa, bó wọ jákẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, omi á pa á. Àlájì, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n nílé kéú tí gbogbo wa lọ ní Ìlọrin yìí, wọ́n kọ́ wa ní hádíìsì ọkùnrin tó bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́run, Ànábì ní kó so ó ná, kó tó gbára lé Ọlọ́run. Ẹ̀yin náà ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín lálẹ́. Ẹ kì í fi í sílẹ̀ fún kádàrá.

"Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀." Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán. Àwọn tó kọ́ ìwẹ̀ nínú adágún ilé ìtura ní GRA ló ń sọ bẹ́ẹ̀ jù. Omi adágún kì í fà. Odò Ọya nísàlẹ̀ ìdídò Jẹ́bà ń fà, bí wọ́n bá sì ti ń tú omi sílẹ̀ lókè ni ìsàlẹ̀ ń yí padà. Ibi tó o ti wẹ̀ láàárọ̀ lè má jẹ́ ibì kan náà mọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

"Ó ń gbóná, ó ń ba fọ́tò jẹ́." Èyí ni òótọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yín, ẹ kàn ń fi ẹ̀rọ bo ojú rẹ̀ ni. Mo ti rí arábìnrin kan tó wọ léèsì tó kọ̀ jálẹ̀ pé jákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún á rún gèlè òun. Kẹ́ ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó gbéra. Ọkọ̀ tó dúró sí èbúté dára fún fọ́tò ju èyí tó ń mì lọ.

* * *

Ní ti jákẹ́ẹ̀tì gan-an, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan kẹ́ ẹ tó tún jáde. Ẹ lọ síbi tí wọ́n wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé abẹ́ ìjókòó ni wọ́n wà, nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ti so pa, tí òórùn epo ti mù. Ẹ tú u. Ẹ fa okùn ìgbánú rẹ̀ pẹ̀lú agbára, bí ẹni ń fa ọmọ jáde nínú kòtò. Bí ojú rírán bá ya, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ fọwọ́ tẹ fóòmù inú rẹ̀: bó bá rún bíi gààrí lábẹ́ aṣọ, kò dáa mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di òkúta mọ́ ọn, ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù omi, ẹ lọ jẹun, ẹ padà wá wò ó. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n fi tìmùtìmù lásán rán, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń léfòó láàárọ̀, ọ̀tọ̀ ni lọ́sàn-án nígbà tí omi bá ti wọ inú wọn.

Ẹ wo ti ọmọdé lọ́tọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà á bọ́ gba orí ọmọdé jáde, ọmọ á lọ sísàlẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì á dúró lókè. Okùn tó ń gba abẹ́ itan kọjá ni kì í jẹ́ kó bọ́. Òun gan-an ni wọ́n sábà máa ń gé kúrò torí pé ó ń dí àlejò lọ́wọ́.

Ẹ so fèrè mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Owó fèrè kò tó owó ẹja kan.

* * *

Ẹnì kan bi pé kí ni wọ́n ń ṣe kí gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí tó dé. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi, torí Jẹ́bà yìí kan náà ni.

Ní oṣù kẹwàá 1857, ọkọ̀ èéfín Dayspring tí Baikie, òyìnbó arìnrìn-àjò, kó wá láti Gẹ̀ẹ́sì forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó rì. Ajayi Crowther wà nínú ìrìn-àjò náà, ọmọ Ọ̀ṣogùn tiwa, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Wọ́n pàgọ́ sétí odò. Ìrànlọ́wọ́ wọn ni Glover, ọ̀kan nínú wọn, tó fẹsẹ̀ rìn gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá títí dé Èkó lọ wá ohun tí wọ́n nílò. Ọkọ̀ tó wá kó wọn, Sunbeam, kò dé àfi ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó gbé wọn ró fún gbogbo àsìkò yẹn ni oúnjẹ tí wọ́n kó bọ́ sílẹ̀ àti àwọn ará ìlú tó ń ta oúnjẹ fún wọn. Èmi kì í wo àpáta Jẹ́bà kí n má rántí Glover. Ẹ padà síbi tá a ti yà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọrùn ta ló wà. Ibí lèmi àti ọ̀pọ̀ yín ò ti ní gbà fún ara wa.

Ẹnì kan láti Ìgbàjà ní àgbàlagbà kì í ṣe ọmọ ọwọ́, pé ẹni tó bá ní òun ò wọ̀ ọ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un, kí wọ́n ṣáà ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé wọ́n sọ fún un. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n tó bá jábọ́ sómi, ta ló máa bẹ́ tẹ̀ lé e? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ ni, láìsí àní-àní, torí a kì í wo èèyàn kó rì. Ìpinnu tó ní tòun nìkan ni ti di tẹni mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ẹ̀mí ara rẹ̀ nìkan ló fi ń ṣeré.

Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí ìwàásù: ẹ́ńjìnnì kò ní ta títí tí gbogbo ọrùn á fi ní jákẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ti wọ tiwọn tí wọ́n fẹ́ lọ ló máa bá ọ bá a wí. Òfin náà wà lẹ́yìn rẹ. NIWA tó ń mójú tó omi inú ilẹ̀ gbé òfin ìrìnnà jáde ní 2023, ó pa jákẹ́ẹ̀tì láṣẹ, ó ka ìrìn alẹ́ àti àpọ̀jù èrò léèwọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń gba owó lọ́wọ́ àlejò, àní owó epo lásán, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́.

Àlejò náà ní tiẹ̀ lọ́rùn o. Kó sọ òótọ́ bóyá ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kó má dìde dúró ya fídíò nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Kó má mu ọtí kó wá ní òun fẹ́ wakọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ tó mutí, ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, bó jẹ́ àna yín.

* * *

Okùn kékeré pupa kan wà lára ẹ́ńjìnnì Yamaha yín, tó rí kọrọrọ bíi wáyà fóònù tábìlì. Ìdí tẹ́ ẹ fi rí i tó ń rọ̀ sílẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó so ó mọ́ra. Ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń wakọ̀ ló yẹ kó wà. Bó bá jábọ́, okùn á já kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á kú. Láìsí i, ọkọ̀ á máa yí po lórí omi pẹ̀lú abẹ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, á padà wá bá ẹni tó jábọ́. Ọ̀fẹ́ ló bá ẹ́ńjìnnì wá. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa rẹ̀ rí.

* * *

Arákùnrin kan ní òun rí irú ẹ̀rọ yìí ní tòkunbọ̀, pé owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ti tuntun, ṣé kí òun rà á.

Ẹ yí i, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bó bá jẹ́ 121.5 nìkan ni wọ́n kọ sí i, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2009 ni sátẹ́láìtì ti dẹ́kun gbígbọ́ ìyẹn. 406 lẹ ń wá. Àwọn ẹ̀rọ 406 ṣì máa ń rán 121.5 jáde pẹ̀lú, kí ẹni tó ń wá yín lè tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n apẹja Jẹ́bà kò ní ohun tó lè fi gbọ́ ọ. Fèrè àti iná ló máa fi rí yín.

Ẹ wo ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ máa parí, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀. PLB gbọ́dọ̀ lè pè fún wákàtí 24 ó kéré tán, EPIRB, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà fún ọkọ̀ ńlá, wákàtí 48. Bátìrì tó ti kọjá ọjọ́ kò ṣe ìlérí kankan fún ẹnikẹ́ni. Pípààrọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe lójú pópó, torí omi á gba ibẹ̀ wọlé.

Èyí tó ń pa tòkunbọ̀ jù ni ìforúkọsílẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 15, kóòdù orílẹ̀-èdè kan sì wà nínú rẹ̀. Tiwa ni 657. Tí ọkùnrin kan bá ti lò ó ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó tà á, tẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní Jẹ́bà, fóònù ọkùnrin yẹn ni wọ́n máa pè. Á ní òun wà nílé, òun ń mu tíì. Wọ́n á rò pé àṣìtẹ̀ ni, torí àṣìtẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn ìpè tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ Ọ̀fà: kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó fi í ránṣẹ́, kó bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n lè kọ kóòdù Nàìjíríà sínú rẹ̀. Bí wọn ò bá lè ṣe é, kó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ti ẹnì kan ní Ìlọrin sí i, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Jẹ́bà ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹni ní Ìlọrin yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbé fóònù. Ìyá àgbà tó ń fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí kọ́ o.

* * *

"Fóònù mi ńkọ́?" Fóònù dáa. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì gbogbo Nàìjíríà, owó kì í lọ lórí rẹ̀. Ẹ ra àpò aláìgbomi fún un, ẹ so ó mọ́ ọrùn, ẹ má fi sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Lẹ́bàá afárá Jẹ́bà, ẹ lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bẹ́ ẹ bá lọ sókè, sójú omi ńlá tó wà lẹ́yìn ìdídò, tàbí ẹ kọjá lọ sí Kàínjì, ibẹ̀ ni PLB ti ń sanwó ara rẹ̀.

Àwọn fóònù tuntun tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ṣí i fún. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Nàìjíríà wà nínú tirẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọkàn sí i. Àwọn ẹ̀rọ bíi Garmin inReach lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, èyí tí PLB ò lè ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ó máa san owó oṣù. PLB kò ní owó oṣù, kò sì sẹ́ni tó ń gba kóbọ̀ lórí ìpè náà.

Ohun tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ kò lo bátìrì. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ sọ fún ẹnì kan ní èbúté, apẹja tàbí obìnrin tó ń yan ẹja, pé ẹni báyìí la jẹ́, apá ibí là ń lọ, ká tó kírun Àsárì a ó ti dé. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Bí Àsárì bá kọjá tí kò rí yín, òun fúnra rẹ̀ ló máa pariwo, àwọn tó ní ọkọ̀ sì wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn yá ju Abùjá lọ.

* * *

Ọmọ Ọ̀fà ti padà wá. Ó ní òun ti gbà á, ẹ̀gbọ́n ti ń ṣètò ìforúkọsílẹ̀. Ó bi pé ta ló yẹ kó mú un lọ́wọ́, ìgbà wo ni kí àwọn tẹ̀ ẹ́, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bèèrè ta ló máa san owó apẹja tó bá wá gbà wọ́n.

Ara jákẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń wakọ̀ ni kó wà, kó so ó mọ́ ọn pẹ̀lú okùn, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń léfòó fúnra wọn. Kó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han ẹlòmíì, bóyá òun gan-an ló máa dákú. Áńténà gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run. Abẹ́ òrùlé ọkọ̀ tàbí abẹ́ afárá kò dáa. PLB kì í dá tan ara rẹ̀ bí EPIRB kan ṣe máa ń ṣe tó bá rì, ọwọ́ èèyàn ló ń tan án. Ẹ lo bọ́tìnnì ìdánwò bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ, ẹ má tan án gan-an torí pé àlejò fẹ́ rí i.

Ẹ́ńjìnnì tó kú, epo tó tán, kì í ṣe ìgbà rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, ẹ mú àjẹ̀ tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀, ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ ní èbúté. Ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tí kò sí ọ̀nà mìíràn láti pe ẹnikẹ́ni, ìgbà yẹn ni. Bẹ́ ẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ẹ pa á, ẹ pè láti sọ pé àṣìṣe ni. Kò sẹ́ni tó máa mú yín fún ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ ló ń bí wọn nínú.

Ní ti owó apẹja: ẹ̀yin lẹ máa san án, ta ló tún kù? Ẹ ra epo tó jó padà fún un, ẹ fi iye tí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bá tó lé e, kẹ́ ẹ sì ra ẹja tó bá wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ má ná an.